Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìdánwò Òṣèré Orí Ìtàgé, láti Ọjọ́ Ìkéde Títí di Alẹ́ Eré

Láyé àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tó ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, kò sí ohun tó ń jẹ́ odíṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré a lọ bá ọ̀gá nílé, a di ọmọ iṣẹ́, a máa bá wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀, a máa gbe orin, a sì máa wo àwọn àgbà láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé títí di ọjọ́ tí ọ̀gá yóò ní kí ó bọ́ síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ òṣèré gbà wọ iṣẹ́ náà láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1945, títí di ìgbà tí sinimá àti fídíò fi kó àwọn òǹwòran lọ. Nísinsìnyí, eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń kó òṣèré jọ fún: wọn a kéde, wọn a dán àwọn tó wá wò, wọn a yan àwọn tó yege, wọn a fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe ìdánrawò, wọn a gbé eré náà síta, kálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìdánwò yìí ni ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ náà, ó sì dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn tó dé ẹnu ọ̀nà náà láìmúra.

Ohun méjì ni olùdarí eré Yorùbá ń wá lára ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Èkíní ni pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé etí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ náà má sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èkejì ni pé kí ó lè tẹ́tí sí ohun tí ẹlòmíràn ń sọ kí ó tó fèsì. Ẹwà ojú, aṣọ olówó ńlá àti igbe kíké kò lè dípò méjèèjì yìí, gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín ló sì dá lé wọn lórí.

Ìgbà tí ìkéde máa ń jáde àti ibi tí a ti ń rí i

Eré orí ìtàgé ní àsìkò tirẹ̀. Ní Èkó, àkókò Kérésìmesì àti ọdún tuntun ni eré máa ń pọ̀ jù, Àjíǹde sì tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ayé, 27 oṣù Kẹta ni Àyájọ́ Ọjọ́ Tíátà, àwọn ẹgbẹ́ kan sì máa ń fi eré sọrí ọjọ́ náà. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìparí sáà ẹ̀kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tíátà máa ń gbé eré wọn jáde. Nítorí pé ìdánrawò máa ń gba oṣù kan sí mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ wà nínú eré oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ ti máa ṣọ́ ìkéde láti oṣù Kẹjọ, ẹni tí ojú rẹ̀ sì wà lára eré Àjíǹde gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní.

Ojú ìwé Instagram àti Facebook ti àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àti ti àwọn gbọ̀ngàn eré ni ìkéde ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ máa tẹ̀ lé ti Terra Kulture ní Victoria Island, ti Freedom Park àti MUSON ní Èkó, àti ti gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Ìgànmú, ìyẹn National Theatre, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní ọdún 2024. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè máa yà sí ilé àṣà tó wà ní Mọ́kọ́lá àti sí Arts Theatre inú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè lọ sí ilé àṣà June 12 ní Kútọ̀, ẹni tó wà ní Ifẹ̀ sì lè máa wo pátákó ìkéde ẹ̀ka tíátà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí eré fún ìdánwò àṣekágbá wọn a máa gba òṣèré láti ìta nígbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù lójú mi ni kí ẹ máa lọ wo eré. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó, ẹ wò ó tán. Ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ mọ orúkọ olùdarí àti ti alábòójútó ìtàgé. Bí eré bá parí, ẹ lọ kí alábòójútó ìtàgé náà, ẹ sọ ohun kan tó wú yín lórí nínú iṣẹ́ wọn, kí ẹ wá bi í ibi tí wọ́n máa ń gbé ìkéde wọn sí. Alábòójútó ìtàgé ló sábà máa ń mọ ìgbà tí wọn yóò wá òṣèré kí ayé tó gbọ́.

Kíka ìkéde náà dáadáa

Ìkéde gidi yóò sọ orúkọ ẹgbẹ́, irú ipa tí wọ́n ń wá ènìyàn fún, èdè tí wọn yóò fi ṣeré, ọjọ́ àti ibi tí ìdánwò yóò ti wáyé, ọjọ́ tí ìdánrawò yóò bẹ̀rẹ̀, àti àwọn ọjọ́ tí eré fúnra rẹ̀ yóò wáyé. Ẹ fi àwọn ọjọ́ náà wé iṣẹ́ òòjọ́ yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó gba ipa tán, tó wá ń sọ pé òun kò lè wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ti ba iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Àwọn oníjìbìtì wà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí ìtara bò yín lójú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó kí wọ́n lè fún yín ní ipa, ẹ kúrò níbẹ̀, nítorí òṣèré ni wọ́n ń sanwó fún, òṣèré kọ́ ló ń san án. Bí wọ́n bá dárúkọ gbọ̀ngàn kan, ẹ pe gbọ̀ngàn náà tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ náà ti gba àyè ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìdánwò tí wọ́n bá pè sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àdáni, pàápàá lálẹ́, kì í ṣe èyí tó yẹ kí ènìyàn dá lọ. Mo ń sọ èyí fún ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù: ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí ẹ wà àti ìgbà tí ẹ ó padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló yẹ kó mú un lọ. Olùdarí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń fi pamọ́ títí yóò fi di wàhálà. Ọ̀pọ̀ eré Yorùbá ló ní ìran ìbọ, ẹsẹ Ifá, orin òrìṣà tàbí aṣọ eégún nínú. Bí ẹ̀sìn yín kò bá gbà yín láyè láti ṣe irú rẹ̀, ọjọ́ ìdánwò ni ẹ ti máa sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí olùdarí lè mọ ipa tí òun lè fún yín. Èyí kò ní kí wọ́n fojú burúkú wò yín. Èyí tó burú ni kí ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí eré yóò bẹ̀rẹ̀, kí ìyálórìṣà inú eré wá sọ pé òun kò lè kọ orin náà mọ́.

Yíyan ohun tí ẹ ó ṣe níwájú wọn

Ẹ múra ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ọ̀kan tó kún fún ìbànújẹ́ tàbí ìbínú, èkejì tó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Inú ìwé eré tí wọ́n tẹ̀ jáde ni kí ẹ ti mú wọn, ẹ má ṣe mú wọn nínú fíìmù, torí bí ẹ bá mú un nínú fíìmù, ẹ ó kàn máa sín òṣèré tó ti ṣe é jẹ ni. Ẹ ka ìwé eré náà tán látòkèdélẹ̀ kí ẹ lè dáhùn bí wọ́n bá bi yín pé ta ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹ yan ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ tiyín. Ọmọ ogún ọdún tó bá gbé ọ̀rọ̀ baálẹ̀ arúgbó wá yóò lo gbogbo agbára rẹ̀ láti máa gbọ̀n, a kò sì ní rí òun fúnra rẹ̀ rárá.

Ẹ fi orin kan tó ní lílé àti ègbè kún un, nítorí olùdarí lè ní kí àwọn tó kù gbè é láti mọ̀ bóyá ẹ lè di ohùn yín mú nígbà tí ohùn mìíràn bá wọlé. Bí ẹ bá mọ ìjálá, rárá, ẹkún ìyàwó tàbí oríkì ìdílé yín, ẹ sọ fún wọn. Ẹ má parọ́ pé ẹ mọ èyí tí ẹ kò mọ̀. Oríkì ìdílé tí ìyá àgbà kọ́ yín, tí ẹ lè kì láìṣìṣe láàárín ìṣẹ́jú kan, wúlò ju ìjálá gígùn tí ẹ há sórí ní àná lọ.

Iṣẹ́ orí ohùn

Ibí ni mo fẹ́ kí a ti pẹ́, nítorí níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ìránṣẹ́ ààfin lè sọ nínú eré:

«Kábíyèsí, mo ti dé. Ọmọ tí ẹ rán lọ sójú ogun kò bá mi bọ̀. Ẹṣin rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé mi wálé, gàárì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.»

Ẹni tí kò múra yóò sáré wọlé, yóò wólẹ̀, yóò sì bú sẹ́kún láti orí «Kábíyèsí». Kí ló wá kù fún un láti fi sọ ìròyìn ikú? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ní ìròyìn kankan nínú. Iṣẹ́ ni ìránṣẹ́ náà ń jẹ́, ó sì ń wá àyè. Lẹ́yìn «mo ti dé», ó yẹ kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó wo ojú ọba, kí ọba náà sì rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn òǹwòran yóò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó là á sọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kejì yóò wá jáde bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò fẹ́ sọ. Gbólóhùn kẹta ló gbé ẹkún gan-an dání, torí gàárì tó ṣófo ni a ń fojú inú rí. Bí ẹ bá sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, àwọn tó ń wò ni yóò sunkún.

Ẹ wá wo ohùn rẹ̀. «Bọ̀» lọ sílẹ̀. Bí ẹkún bá gbé ohùn yín sókè jù, ó di «bọ́», ọ̀rọ̀ náà sì ti di nǹkan mìíràn. «Gàárì» lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún padà sílẹ̀. Bí ẹ bá sáré sọ ọ́, tí ẹ sì gbé ìparí rẹ̀ sókè, gàrí ni àwọn ènìyàn yóò gbọ́ lẹ́yìn ẹṣin, ẹ̀rín ni wọn yóò sì rín níbi tó yẹ kí gbọ̀ngàn ti pa rọ́rọ́. Ẹ̀rù àti ìkánjú ló máa ń fa èyí, àti èrò pé kíké ni ọ̀rọ̀ fi ń dé ọ̀nà jíjìn. Bí a bá ń ké, gbogbo ohùn ni yóò gun òkè, kò sì ní sí ìyàtọ̀ láàárín wọn mọ́.

Báyìí ni kí ẹ ṣe fi kọ́ra. Ẹ fi ọwọ́ ara yín da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí gbogbo rẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ wá kùn ún bí onídùndún yóò ṣe fi ìlù sọ ọ́, láìsí ọ̀rọ̀, ohùn nìkan, títí ẹ ó fi mọ gbogbo ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ètè àti ahọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ lọ sí gbàgede tó fẹ̀, kí ọ̀rẹ́ yín kan tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí dúró ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí yín, kí ẹ sọ ọ́ fún un láì ké, pẹ̀lú èémí tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kí ó sì tún un sọ fún yín. Ibikíbi tó bá ti ṣì í gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ padà sí. Bí ó bá gbọ́ ọ yékéyéké, ẹ sún sẹ́yìn sí i. Gbọ̀ngàn ńlá ti Ìgànmú, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1976, gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran. Gbọ̀ngàn kékeré inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sì lè má ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ẹ kò mọ èyí tí wọn yóò gbé yín sí, torí náà ẹ kọ́ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè náà ṣe pàtàkì. Ará Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó tàbí Ìgbómìnà kò gbọ́dọ̀ tijú ohùn ilé rẹ̀, nítorí olùdarí lè máa wá irú rẹ̀ gan-an fún ipa kan. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ lè bọ́ sínú Yorùbá àjùmọ̀lò nígbà tí wọ́n bá béèrè fún un. Fún àwọn ọmọ ìlú ńlá tó máa ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wọn láìmọ̀, ẹ máa ka ìwé Yorùbá sókè lójoojúmọ́ títí ẹnu yín yóò fi dá ṣáká.

Ọjọ́ ìdánwò

Ẹ wọ aṣọ tó gba ara yín láyè láti jókòó nílẹ̀, láti dìde àti láti jó. Bùbá àti ṣòkòtò dára. Obìnrin lè mú ìró kan dání, torí wọ́n lè fẹ́ rí bí ó ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń dún. Ẹ mú fọ́tò kan, ojú ìwé kan tí ẹ kọ ìrírí yín sí, bírò àti omi. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí ẹ sì dá fóònù yín lẹ́kun.

Bí wọ́n bá pè yín wọlé, ẹ kí wọn bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń kí àgbà, ní ṣókí. Ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kan sáárá sí olùdarí, ẹ má sì ṣàlàyé pé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín. Ẹ gbójú sókè orí wọn díẹ̀, kí ẹ fi ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu yín, ẹ dúró, ẹ mí, ẹ máa bá a lọ láì tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ẹ bá parí, olùdarí lè sọ pé: «Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹ̀rù ọba kò bà yín.» Àwọn kan máa ń rò pé ó túmọ̀ sí pé àwọn kò ṣe dáadáa, wọn a wá máa gbèjà ara wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gbọ́ràn ni. Ẹ dáhùn pé «Ó dáa, sà» tàbí «Ó dáa, mà», kí ẹ sì yí i padà gidi, kí ìyàtọ̀ hàn kedere. Bákan náà ni bí wọ́n bá fún yín ní ojú ìwé tí ẹ kò rí rí kí ẹ kà á pẹ̀lú ẹlòmíràn: ẹ tọrọ ìṣẹ́jú díẹ̀ láti wò ó, ẹ gbójú sókè nínú ìwé ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fetí sí ẹnìkejì yín dípò kí ẹ máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ ní ipa dípò ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ.

Bí ìlù bá dún, ẹ jó. Bí ẹ kò bá mọ ijó bàtá, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ máa gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà.

Lẹ́yìn ìdánwò títí di alẹ́ eré

Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó gbọ́ èsì, kí ẹ sì dúró dè é. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní ipa kékeré, bí ìránṣẹ́ tàbí elégbè, èrò mi ni pé kí ẹ gbà á, torí ẹ ó wà nínú yàrá ìdánrawò pẹ̀lú àwọn tó mọ iṣẹ́, èyí tí owó kò lè rà. Kí ẹ tó gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí wọn yóò san àti ọjọ́ tí wọn yóò san án, owó ọkọ̀ ìdánrawò, ẹni tí yóò tọ́jú yín bí ẹ bá farapa, àti bóyá wọn yóò ya eré náà sórí fídíò.

Ẹ há ọ̀rọ̀ yín sórí ṣáájú ọjọ́ tí olùdarí dá. Ní ọjọ́ tí àwọn onílù bá kọ́kọ́ wá, ẹ bá wọn fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́ kí ìlù tó wọlé àti ìṣesí tí yóò mú un dákẹ́. Bí èyí kò bá dájú, ìlù yóò bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ní kí ẹ bá wọn pe òǹwòran, ẹ rí i pé ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sọ àkọlé eré, ọjọ́, aago, gbọ̀ngàn àti iye tíkẹ́ẹ̀tì pátá, torí ọ̀pọ̀ àwòrán ìkéde ló rẹwà tí aago kò sí lára rẹ̀.

Ní alẹ́ eré, ẹ dé ní wákàtí méjì ṣáájú, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ gbogbo ohun èlò tí ẹ ó lò wò: ìrùkẹ̀rẹ̀ náà ńkọ́, igbá náà ńkọ́, ta ni yóò gbé e fún yín, ẹ̀gbẹ́ wo ni yóò sì dúró sí. Bí iná bá lọ, ẹ má kúrò nípò yín. Ẹni tó bá ń kọrin lọ́wọ́ kí ó máa kọ ọ́ lọ, kí àwọn tó kù gbè é, títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé e.

Lẹ́yìn ìfihàn ìkẹyìn, ẹ dá aṣọ eré padà ní pípé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ìtàgé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé pélébé tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùdarí kí ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé ìrírí yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì bi í léèrè oṣù tí yóò tún wá òṣèré.